Ọ̀rọ̀ Àdéhùn fún Eré Àjọpìtàn

Eré kan wà tí àwọn ènìyàn ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò ní bọ́ọ̀lù, tí kò ní ọpọ́n, tí kò sì sí ẹni tó ń gba ife-ẹ̀yẹ níbẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin, márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò pàdé lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù. Oníkálukú yóò mú ẹ̀dá-ìtàn kan, yóò máa fi ohùn ẹ̀dá náà sọ̀rọ̀, yóò máa kọ ohun tí ó ń ṣe, ìtàn náà yóò sì máa gùn sí i láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Amẹ́ríkà ni irú eré yìí ti gbilẹ̀. Ní ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde, èyí tí àwọn ènìyàn ń fi ẹnu ṣe yí tábìlì ká. Ní 1978, Roy Trubshaw bẹ̀rẹ̀ MUD ní Yunifásítì Essex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Richard Bartle sì bá a dá sí i, ó sì di ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ wọ inú ìtàn kan náà lórí kọ̀ǹpútà. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ṣe irú eré yìí láìjà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun tó yẹ àti ohun tí kò yẹ, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ ìfẹnukò náà sì wà títí di òní. Èrò mi ni pé a lè ní ọ̀rọ̀ Yorùbá fún un, ṣùgbọ́n a kò ní rí i bí a bá ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ àdéhùn tó dára ni èyí tí ẹni tó gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò ti mọ ohun tí ó yẹ kí òun ṣe àti ohun tí òun kò gbọdọ̀ ṣe.

Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun tó ti fìdí múlẹ̀ lẹ́nu wa ti fi ọ̀nà hàn. Ẹni tó sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì kò wádìí ohun tí rédíò túmọ̀ sí ní èdè tó ti wá. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe ló wò, pé ó ń sọ̀rọ̀, kì í sì í dúró gba èsì. Amóhùnmáwòrán ń mú ohùn, ó sì ń mú àwòrán. Lítíréṣọ̀ ti fún wa ní ẹ̀dá-ìtàn, ibùdó ìtàn àti àhunpọ̀ ìtàn, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò nínú ìdánwò wọn. Àwọn onímọ̀ èdè sì ti kó Èdè-Ìperí Yorùbá jọ, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìn-ín-ní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì ní 1990. Nítorí náà, kì í ṣe orí òfìfo la dúró lé. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ àdéhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ́ ọ̀rọ̀ sórí kí ó tó yé e, olùkọ́ yóò sì máa là á yé e díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń bá ẹgbẹ́ dá àdéhùn kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yé e, a kò lè sọ pé ó ti gbà.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo orúkọ eré náà fúnra rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì pè é ní role-playing, ó dì mọ́ ipa tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń kó. Bí a bá tẹ̀ lé e, a ó dé orí eré ìkópa. Ṣùgbọ́n kópa ti di ọ̀rọ̀ fún gbogbo ohun tí ènìyàn bá dá sí: à ń kópa nínú ìdìbò, à ń kópa nínú ìpàdé àdúgbò. Orúkọ náà kò ní ya eré yìí sọ́tọ̀. Eré àjọpìtàn ni mo dábàá. Bí a ti ní àjọṣe àti àjọsọ, bẹ́ẹ̀ náà ni àjọpìtàn jẹ́ ìtàn tí a jọ pa, ìlànà àkọ́kọ́ sì ti wà nínú orúkọ yẹn: ẹnikẹ́ni kì í dá a pa. Ẹni tó bá tàpá sí ìlànà yìí, orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ti wà nílẹ̀, àdápìtàn. Ìyẹn ni kí òṣèré kan máa kọ ohun tí ẹ̀dá ẹlòmíràn ṣe, ohun tó sọ tàbí ohun tó rò, láìgba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìwà náà ní godmodding, wọ́n ń fi oníwà yẹn wé ẹni tó sọ ara rẹ̀ di ọlọ́run. Bí a bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ní tààrà, yóò dún bí ẹ̀sùn ìsọ̀rọ̀-òdì létí Kírísítẹ́nì àti Mùsùlùmí, ẹni tí a ń bá wí kò sì ní mọ ohun tí ó ṣe gan-an. Àdápìtàn sọ ohun tó ṣe fún un: ó dá ohun tó yẹ kí a jọ ṣe ṣe.

Ìwà yìí sì lè dun ènìyàn dé ọkàn. Ní LambdaMOO, ayé tí a fi ọ̀rọ̀ nìkan kọ́, tí Pavel Curtis dá sílẹ̀ ní 1990 níbi iṣẹ́ ìwádìí Xerox PARC ní California, òṣèré kan tó ń jẹ́ Mr. Bungle nínú eré lo ètò kọ̀ǹpútà kan láti kọ ìwà ìbàjẹ́ mọ́ ẹ̀dá àwọn ẹlòmíràn lójú gbogbo èrò, bí ẹni pé àwọn ẹ̀dá náà fúnra wọn ló ń hù ú. Julian Dibbell kọ̀wé nípa ọ̀ràn náà nínú The Village Voice ní oṣù Kejìlá 1993. Obìnrin kan tí wọ́n ṣe é sí ẹ̀dá rẹ̀ sọ fún un pé omijé ń dà lójú òun bí òun ṣe ń kọ ẹ̀hónú òun. Àwọn ará ibẹ̀ jókòó jíròrò, ohùn wọn kò ṣọ̀kan, kò sì sí òfin tí wọ́n lè tọ́ka sí. Ọ̀kan nínú àwọn alákòóso ló dá ìpinnu ṣe, tó yọ Mr. Bungle kúrò. Lẹ́yìn náà ni Curtis gbé ètò kalẹ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ fi lè mú àbá wá, kí wọ́n sì dìbò lé e. Òfin dé lẹ́yìn tí ìpalára ti ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí a pe ìlànà eré yìí ní òfin lásán. Òfin ní ọlọ́pàá àti adájọ́ lẹ́yìn. Àdéhùn ni ohun tí àwọn tí kò rí ojú ara wọn lè fi máa gbé pọ̀, ìṣáájú eré sì ni àyè rẹ̀.

Ẹni tó ń darí eré ni wọ́n ń pè ní game master. Ẹni tó bá ń kánjú yóò pè é ní ọ̀gá eré. Ṣùgbọ́n àṣẹ ni ọ̀gá ń pa, iṣẹ́ ẹni yìí kò sì jẹ́ ìyẹn. Òun ló ń ṣàpèjúwe ibi tí àwọn ẹ̀dá wà, òun ló ń sọ ibi tí ohun tí wọ́n dáwọ́ lé já sí, òun ló sì ń dá ẹni tó bá kọjá àyè rẹ̀ lẹ́kun. Atọ́kùn ni Yorùbá ń pe ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Atọ́kùn kì í wọ ẹ̀kú. Ó ń bá eégún rìn, ó ń tọ́ ọ sọ́nà, ó sì ń jẹ́ kí èrò ìwòran mọ àyè wọn. Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ìgbàlẹ̀ ni, pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ọmọ ilé-kéwú kò ní fẹ́ gbọ́ ọ. Èsì wọn wà lórí rédíò: atọ́kùn ètò ni à ń pe ẹni tó ń gbé ètò sáfẹ́fẹ́, ìbáà jẹ́ ètò ìlera tàbí ti òṣèlú, inú kì í sì í bí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde sí ìgboro. Ẹni tó jókòó nídìí fóònù ni òṣèré, ẹni tí ó dá sínú ìtàn ni ẹ̀dá-ìtàn. Bí oníbodè tàbí ìyálọ́jà kan bá wà lọ́nà tí kò sí ní ìkáwọ́ òṣèré kankan, ohun tí irú wọn kò jẹ́ ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pè wọ́n, pé wọn kì í ṣe ti òṣèré. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹni tó ni wọ́n pè wọ́n: ẹ̀dá atọ́kùn. Ẹni tuntun yóò mọ ẹni tí òun yóò bi léèrè.

Ibi tí èdè wa ti béèrè ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kò béèrè ni ààlà tó wà láàrin ọ̀rọ̀ inú ìtàn àti ọ̀rọ̀ òde ìtàn. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń fi àkámọ́ tàbí lẹ́tà mélòó kan ya méjèèjì sọ́tọ̀. Inú àti òde tó fún wa, ó yé ọmọdé, ó yé àgbà. Ṣùgbọ́n ààlà Yorùbá kò parí síbẹ̀. Nínú ìtàn, ọmọ ogún ọdún lè jẹ́ ọba, kí ẹni àádọ́ta ọdún sì jẹ́ ẹmẹ̀wà rẹ̀. Ẹmẹ̀wà yóò máa pe Kábíyèsí, yóò máa fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, ọba yóò sì máa fi "o" dá a lóhùn. Bí wọ́n bá bọ́ sóde, gbogbo rẹ̀ yí padà, ọmọ náà ló yẹ kó wí pé "ẹ má bínú, sà." Bí àdéhùn kò bá dá ọ̀rọ̀ yìí sọ, àgbà yóò rò pé wọ́n rí òun fín, ọmọ náà yóò sì máa bẹ̀rù àtijẹ́ ọba bó ṣe yẹ. Kò sí bí ìlànà tí a tú láti inú Gẹ̀ẹ́sì yóò ṣe ní èyí nínú, nítorí "you" kan náà ni wọ́n fi ń bá ọba àti ẹmẹ̀wà sọ̀rọ̀. Àdéhùn tiwa gbọ́dọ̀ sọ ọ́ gbangba pé ipò ẹ̀dá là ń bọ̀wọ̀ fún nínú ìtàn, ọjọ́ orí òṣèré là ń bọ̀wọ̀ fún lóde. Àǹfààní sì wà nínú rẹ̀: bí ọba bá ti yí "o" sí "ẹ", gbogbo ìjókòó ti mọ̀ pé òṣèré ti jáde kúrò nínú ìtàn, àmì kankan ò sí níbẹ̀.

Gírámà wa tún fún wa ní ìlànà mìíràn. Bí òṣèré bá kọ pé "mo ti ṣetán", a kò mọ̀ bóyá òun ló ti ṣetán nílé rẹ̀ ni, tàbí ẹ̀dá rẹ̀ ló ti ṣetán láti jagun. Kí a fi "mo" sílẹ̀ fún òde ìtàn, kí a sì máa fi orúkọ ẹ̀dá kọ ìṣe rẹ̀. "Àjàní ní òun kò ní sá" kò rú ẹnikẹ́ni lójú; Àjàní ni òun yẹn. Ìyàtọ̀ yìí ló tún jẹ́ kí ó rọrùn láti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń pè ní metagaming. Òṣèré kan ka ohun tí ẹlòmíràn kọ, pé olè ti sá pamọ́ sínú àká. Àjàní wà lóko ní tirẹ̀, kò gbọ́, kò rí, síbẹ̀ òṣèré rẹ̀ jẹ́ kí ó sáré wọ inú àká. Ìmọ̀ òde ni mo pe ohun tó mú wọlé yẹn. Ẹni tó ti mọ inú àti òde mọ ibi tó yẹ kí ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró sí. Lítíréṣọ̀ sì ti ní arínúróde fún asọ̀tàn tó mọ ohun gbogbo. Nínú eré àjọpìtàn, atọ́kùn nìkan ni arínúróde.

Ó ku àwọn ọ̀rọ̀ tó ń dáàbò bo ọkàn. Ní 2003, Ron Edwards kọ̀wé pé ẹgbẹ́ yẹ kí ó ní ìlà tí ìtàn kò gbọdọ̀ kọjá, àti ìbòjú fún ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n tí a kò ní ṣàpèjúwe. Bí a bá sọ fún Yorùbá pé ó ní ìlà, kò ní mọ̀ bóyá ti ojú ni tàbí ti ìwé. Èèwọ̀ ni ọ̀rọ̀ wa. Ẹnìkan lè ní ọ̀rọ̀ náà wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, pé ohun tí gbogbo ìlú kò gbọdọ̀ ṣe ló ń jẹ́ èèwọ̀. Ṣùgbọ́n ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní èèwọ̀ tirẹ̀, ohun tí ilé kan ń jẹ ni ilé kejì kì í fẹnu kàn, a kì í sì í sọ pé kí ẹni tó ní èèwọ̀ wá rojọ́ kí a tó bọ̀wọ̀ fún un. Bí ó ṣe yẹ kí ó rí nínú eré náà gan-an nìyẹn: òṣèré kan lè ní ikú ọmọdé léèwọ̀, òmíràn lè ní ìfipábánilòpọ̀, kò sì pọn dandan kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀. Èkejì ni àfaṣọbò: ó ṣẹlẹ̀, a mọ̀, a fi aṣọ bò ó. John Stavropoulos gbé káàdì kan kalẹ̀ ní 2013 tí òṣèré lè fọwọ́ kàn kí ìtàn yà kúrò níbi tó ń dùn ún. Ó tó gẹ́ ni yóò kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu, ṣùgbọ́n láti ìgbà ìdìbò 2019 ní ìpínlẹ̀ Kwara ni ọ̀rọ̀ yẹn ti gba ìjà òṣèlú sára. Àmì ìfòdá sàn jù, nítorí ó ń sọ ohun tí a óò ṣe: a ó fò ó dá, a ó sì máa bá ìtàn lọ. Ìjókòó tí a ti ń sọ gbogbo èyí kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní session zero. Ìjókòó òdo yóò dà bí ìjókòó tí kò já mọ́ nǹkan kan. Ìpàdé àdéhùn ni kí a pè é.

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ aláìnídìí ni èyí, pé ẹni tó ń ṣe eré yìí ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ pa ìtàn náà ní Yorùbá ni Gẹ̀ẹ́sì kò ní lè yanjú ọ̀rọ̀ "o" àti "ẹ". Èyí tó tún ju ìyẹn lọ ni pé ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tì tó sì mi orí kò tíì gba ohunkóhun, ìgbà tí ọ̀ràn bá dé ni àìgbọ́yé rẹ̀ yóò hàn. Àwọn mìíràn yóò ní ọ̀rọ̀ àṣẹ̀dá máa ń kú sínú ìwé. Èyí tí kò ṣiṣẹ́ ló ń kú. Kò sí ìdí tí a fi gbọdọ̀ wá orúkọ tuntun fún káàdì, dáìsì, fóònù tàbí íntánẹ́ẹ̀tì; wọ́n ti di tiwa, wọn kò sì ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ibi tí ọ̀rọ̀ àyálò bá ti lè mú kí ẹnìkan pa ẹlòmíràn lára láìmọ̀ nìkan ni ìṣẹ̀dá ti di dandan.

Bí a bá kó wọn jọ, àdéhùn náà kò gùn. A jọ ń pìtàn, àdápìtàn kò sí. Atọ́kùn nìkan ni arínúróde. Ìmọ̀ òde kì í wọ inú ìtàn. Nínú, a ń bọ̀wọ̀ fún ipò ẹ̀dá. Lóde, a ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó jù wá lọ. Èèwọ̀ ẹnì kan ni èèwọ̀ gbogbo wa títí eré yóò fi parí. Ohun tó bá yẹ ní bíbò, a ó fi aṣọ bò ó. Ẹni tó bá fi àmì ìfòdá hàn, a kò ní bi í ní ìdí. Kí atọ́kùn tó bá fẹ́ dán ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò kà wọ́n fún òṣèré tí kò gbọ́ nípa eré náà rí, kí ó sì ní kí onítọ̀hún sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan pa á láṣẹ. Èyí tó bá sọ dáadáa, kí a dì í mú. Èyí tó bá ní láti kọ́kọ́ béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, kí a jù ú sílẹ̀, bó ti wù kó dùn létí tó, kí a sì wá òmíràn.