Ṣé Orí Pípé Nìkan Tó fún Olórí? Ohun Tí Ìtàn Fi Hàn Wá

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan sí i, ọ̀rọ̀ kan tí a máa ń sọ ní ìpàdé nígbàkígbà tí ìdìbò bá súnmọ́ ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹnìkan á dìde, á ní: "Àwa ọmọ Òkun, a kàwé. A ní ọ̀jọ̀gbọ́n, a ní dókítà, a ní akọ̀wé àgbà rẹpẹtẹ. Èé ti ṣe tí wọn kò tíì dìbò yan ọmọ wa kan ṣoṣo sípò gómìnà láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní 27 August 1991?" Àtẹ́wọ́ á sọ. Èmi náà ti pàtẹ́wọ́ rí.

Ẹ̀dùn ọkàn náà tọ́, n kò sì wá láti bu omi sí i. Ṣùgbọ́n èrò kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí a kì í yẹ̀ wò, èyí ni pé ẹni tí orí rẹ̀ pé jù ni yóò ṣe ìjọba dáadáa jù. Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì kí n tó wọ iṣẹ́ ọba, mo sì lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ náà lábẹ́ oríṣiríṣi olórí, sójà àti alágbádá. Ohun tí mo rí nínú ìwé àti ohun tí mo fi ojú ara mi rí ni mo fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìlú tí a wà yìí. Ní 1 January 1900, níhìn-ín ní Lọ́kọ́jà, ni wọ́n ti sọ àsíá Royal Niger Company kalẹ̀, tí wọ́n sì ta àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè. Frederick Lugard ni ó gba ìṣàkóso. Nígbà èwe rẹ̀, ọkùnrin yìí ṣe ìdánwò láti wọ iṣẹ́ ìjọba ní Íńdíà, kò yege, ló bá gba ìdí iṣẹ́ ológun lọ. Kí ẹni tó rò pé ìdánwò ni òṣùwọ̀n ọpọlọ rántí èyí, nítorí orí Lugard pé púpọ̀, àárẹ̀ kì í sì í tètè mú un nídìí ìwé kíkọ. Àléébù rẹ̀ ni pé kò lè fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Nígbà tó padà wá gẹ́gẹ́ bí gómìnà ní 1912, Edward, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, ló fi ṣe akọ̀wé rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Ó tilẹ̀ gba àṣẹ pé kí òun máa lo oṣù púpọ̀ lọ́dọọdún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí òun sì máa ti ibẹ̀ ṣàkóso Nàìjíríà. Ètò owó orí àti ilé ẹjọ́ tó bá a mu ní Kánò, ó gbé e wá sí ilẹ̀ Yorùbá bí ẹni pé Kánò àti Abẹ́òkúta jẹ́ ọ̀kan náà. Ìjọba tí àwọn Ẹ̀gbá ń ṣe fúnra wọn parí ní 1914. Ìsẹ́yìn àti Òkèihò gbiná ní 1916. Ogun Adùbí sì jà ní 1918, ọdún tí owó orí tuntun náà bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ní ti àwa, ìlà tó fi Kábà àti Yàgbà sí Àríwá, tó sì fi àwọn ìbátan wa ní Èkìtì sí Gúúsù, ó wà níbẹ̀ títí ìgbìmọ̀ Willink fi dé. Wọ́n gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àwọn tó fẹ́ kúrò ní Àríwá, ìròyìn wọn jáde ní 1958, ìlà náà kò sì yẹ̀.

Ẹlòmíràn lè sọ pé òyìnbó ni Lugard, kì í ṣe àwa la yàn án. Ó dára, ẹ jẹ́ ká wo àwọn tí a yàn.

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ olórí tí orí rẹ̀ pé láàárín Yorùbá, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. N kò ní bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ìtàn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí a máa ń fò. Láti 1952 ni òun àti mínísítà ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀, S. O. Awókọ̀yà, ti ń ṣe ètò náà. Wọ́n ka iye ọmọ, wọ́n ka iye olùkọ́, wọ́n ka iye yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Kò sí ibi tí ọpọlọ kò dé. Wọ́n wá bu owó orí tuntun lé àwọn ènìyàn lórí láti fi ṣe ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ojú àgbẹ̀ tó wà ní oko rí owó tó ń jáde lápò rẹ̀, kò tíì rí ọmọ tó ń lọ sílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ìdìbò sí ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀ dé ní 1954, NCNC ló borí ní Ìwọ̀ Oòrùn, ìjókòó 23 sí 18 ti Action Group. Ẹ wò ó: ètò tí a fi ń yin Awólọ́wọ̀ títí di òní wà lára ohun tó mú kí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣubú nínú ìbò ní agbègbè tó ń ṣàkóso.

Ní January 1955 ni ilé ìwé ṣí. Ọmọ tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò ní nǹkan bí 457,000 ní 1954, ó di ju 811,000 lọ lọ́dún náà. Ìgbà yìí ni ohun tó wà nínú ìwé di ohun tí ìyá ọmọ lè fi ojú rí. Àwọn Action Group sì ti kọ́gbọ́n, wọ́n ń lọ láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń ṣàlàyé. Nígbà tí ìdìbò agbègbè dé ní 1956, wọ́n gba ìjókòó 48 nínú 80. Lójú tèmi, àárín 1954 sí 1956 ni Awólọ́wọ̀ ṣe olórí jù lọ láyé rẹ̀, nítorí pé àwọn tí kò mọ̀wé nà án nínú ìbò, kò pè wọ́n ní òpè, ó sì padà tọ̀ wọ́n lọ.

Ẹni tó fi owó orí náà gbá a mú ní Ìbàdàn ni Adégòkè Adélabú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pẹnkẹlẹ́mẹ́ẹ̀sì mú yín fi ẹ̀rín gbé ọkùnrin yìí kọjá. Government College Ìbàdàn ló lọ, wọ́n fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sí Yaba Higher College, àwọn ilé-iṣẹ́ UAC sì fi í sí ipò gíga nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Èmi kò dá a lójú pé ẹnikẹ́ni wà nínú Action Group tó yára ronú jù ú lọ. Ó di alága ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàdàn ní 1954, ó sì tún di mínísítà ní Èkó. Kò ní sùúrù fún ìwé ìṣirò owó àti ìlànà. Wọ́n gbé ìwádìí dìde lábẹ́ E. W. J. Nicholson, ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1956, Adélabú sì fi ipò mínísítà sílẹ̀. Àwọn mẹ̀kúnnù Ìbàdàn kò fi í sílẹ̀ ní tiwọn, títí ọkọ̀ fi pa á ní 25 March 1958. Awólọ́wọ̀ mọ ìwé ìṣirò, ó ní láti kọ́ bí a ṣe ń bá ará oko sọ̀rọ̀. Adélabú mọ ará oko àti ará ọjà, kò kọ́ ìwé ìṣirò. Awólọ́wọ̀ náà sì kan ìdènà tirẹ̀ ní 1962, nígbà tí òun àti Akíntọ́lá pínyà. Agbẹjọ́rò ni àwọn méjèèjì, orí àwọn méjèèjì pé, ilé náà sì jó.

Ní Àríwá, níbi tí àwa wà, Ahmadu Bello ni olórí ìjọba. Katsina College ló lọ, olùkọ́ ni, kò rí ẹnu ọ̀nà yunifásítì gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Òun ló sì dá yunifásítì sílẹ̀ ní Zaria ní 1962. Ó mọ ohun tí òun kò mọ̀, ó ń wá ọmọ tó gbọ́n kiri, ó ń fi í sí ibi iṣẹ́. Olóyè Sunday Awóníyì, ọmọ Mọ̀pà wa tó kú ní 2007, wà lára àwọn tó dàgbà nínú iṣẹ́ ọba nígbà náà. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ní òun kò jẹ nínú oúnjẹ yẹn ń tan ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a sọ òtítọ́ tó kù: ìlànà kan náà tó ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ Kábà ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ Èkìtì, tí wọ́n jọ ń sọ èdè kan náà, nítorí ìlà tí mo sọ lókè yẹn.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ ní Gánà. Kofi Busia di olórí ìjọba níbẹ̀ ní October 1969. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni, ó gba oyè dókítà ní Oxford, ìmọ̀ nípa bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé pọ̀ láwùjọ sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá ní kí a fi ìwé yan olórí ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, òun ni. Kò tíì pé oṣù méjì tó fi pàṣẹ, ní 18 November, pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọjọ́ 14. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá tó ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìran dé ìran kó ẹrù wọn, wọ́n padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, Òfà, Ìlọrin. Mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ọmọ tuntun kan dé sí kíláàsì wa tó jẹ́ pé Twi ló ń sọ. Orúkọ Yorùbá ló ń jẹ́, kò sì gbọ́ Yorùbá. A fi ṣẹ̀sín títí ó fi sunkún. Ní Gánà, iṣẹ́ oko kòkó kò rí òṣìṣẹ́ tó mọ́. Nígbà tó di December 1971, Busia dín iye owó ilẹ̀ wọn kù gan-an lójijì, gbogbo nǹkan gbówó lórí, àwọn ológun sì gba ìjọba ní 13 January 1972. Ẹni tó kọ ìwé nípa bí àwọn Àṣáńtí ṣe ń fi ìmọ̀ràn ìlú dá ọba dúró ni o.

Èyí gan-an ni mo fi ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ tí a ń pàtẹ́wọ́ sí. Orí pípé dára, n kò fẹ́ òpè nípò gómìnà. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ yìí bá ń wá ẹni tí yóò tì lẹ́yìn, iye ìwé tó kà nìkan kọ́ ló yẹ kí a béèrè. Kí a bi àwọn tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, pàápàá àwọn tó kéré jù, bóyá ó ti yí ìpinnu rẹ̀ padà rí nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ.

Mo bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ rí, n kò ní sọ ibi tó jẹ́. Oyè dókítà ló ní, ó sì máa ń ka fáìlì tán kí ẹlòmíràn tó ṣí tirẹ̀. Ó fẹ́ yọ àwọn orúkọ tí kò ní ènìyàn lẹ́yìn kúrò nínú ìwé owó oṣù, ó wá pàṣẹ pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ wá fi ara hàn ní ibì kan ṣoṣo, láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Lórí ìwé, ètò náà kò ní àbùkù. Akọ̀wé kékeré kan, ìwé mẹ́wàá ló kà, kọ ọ́ sínú fáìlì pé òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, pé kí wọ́n ṣe é ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo fọwọ́ sí i, mo gbé e lọ sókè. Ọ̀gá kọ ọ́ sí etí ìwé pé òun ti rí i, kò sì yí nǹkan kan padà. Àwọn olùkọ́ àgbà sun ìta lórí bẹ́ǹṣì fún òru méjì, àwọn mìíràn kò lè dé rárá, wọ́n sì yọ orúkọ wọn. Ó gbà wá ní ọdún kan kí a tó dá wọn padà. Nígbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò kejì, ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ṣe é. Mo yẹ fáìlì náà wò. Ìmọ̀ràn akọ̀wé wa ni wọ́n tẹ̀ lé láti òkè délẹ̀, wọn kò sì dárúkọ rẹ̀ níbì kankan.