Lẹ́tà Méjì Tó Yí Ayé Ká

Lẹ́tà méjì péré ni OK, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. A fi ń gba ọ̀rọ̀, a fi ń tọrọ àyè, a sì fi ń pa ọ̀rọ̀ kan tì kí òmíràn lè bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ní oúnjẹ rí "OK", ó ṣeé jẹ ló wí, kò sọ pé ó dùn. Ní Nàìjíríà, "OK o" lè jẹ́ ìkìlọ̀ pé inú ti ń bí ẹni tó sọ ọ́.

Àwàdà oníwèé ìròyìn ló bí i. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta, ọdún 1839, Boston Morning Post tẹ "o.k." jáde, ó ní "all correct" ni, ìyẹn ni pé ohun gbogbo tọ̀nà. Àṣìkọ náà gan-an ni ẹ̀fẹ̀ ibẹ̀, nítorí A àti C ló yẹ kó jẹ́. Irú àwàdà bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ nígbà náà, púpọ̀ nínú wọn sì ti dì ìgbàgbé.

Ìbò ọdún 1840 ló gba èyí là. Kinderhook ni ìlú Ààrẹ Martin Van Buren. Àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ń pè é ní Old Kinderhook, wọ́n sì fi OK ṣe ìpolongo. Àwọn alátakò dá a padà: wọ́n ní Andrew Jackson, ọ̀gá rẹ̀, ni kò mọ̀wé kọ tó fi dá OK sílẹ̀. Irọ́ gbáà ni. Van Buren fìdí rẹmi, OK kò bá a lọ.

Allen Walker Read ló tú ìwé ìròyìn àtijọ́ wò, tó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1963 àti 1964. Lẹ́yìn náà, David Dalby ní èdè Wolof, lẹ́nu àwọn ẹrú, ni OK ti wá. Ó wu ọmọ Áfíríkà gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ti Boston ṣì lágbára jù ú lọ.