Eré Aláwàdà Àtijọ́ Nínú Fídíò: Ṣé Odindi Ni Wọ́n Ń Tà Fún Wa?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àwa tí a ń gbé Woolwich, Plumstead àti Thamesmead mọ àríyànjiyàn kan dáadáa. Àwọn àgbà wa tó ti wà ní Ìlú Ọba láti bí ọdún 1970, tí àwọn mìíràn nínú wọn kàwé ní Thames Polytechnic kí ó tó di University of Greenwich ní 1992, máa ń sọ ohun tí wọ́n gbọ́ lórí tẹlifíṣàn nígbà náà: bí wọ́n ṣe ń fi aláwọ̀ dúdú ṣẹ̀sín lójúkorojú, tí èrò yóò sì máa rẹ́rìn-ín gèè. Ọ̀dọ́ inú wa yóò lọ wá eré kan náà, yóò wò ó títí dé òpin, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Kíá ni yóò ní àbùmọ́ ni àgbà ń ṣe. Nítorí pé wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rí ẹnu àwọn òbí wa ṣe irọ́ ni a ṣe ní kí á wádìí ọ̀rọ̀ yìí: ǹjẹ́ wọ́n ń gé eré aláwàdà àtijọ́ kí wọ́n tó kó o sínú fídíò àgbéléwò?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ rántí ohun tí wọ́n ṣe. Ní 1972 ni Thames Television bẹ̀rẹ̀ Love Thy Neighbour, wọ́n sì ṣe é títí di 1976. Eddie Booth jẹ́ òyìnbó tí Bill Reynolds, aláwọ̀ dúdú, kó wá gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀. Rudolph Walker, ọmọ Trinidad, tí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ sí Patrick nínú EastEnders, ló ṣe Bill. Kò sí orúkọ burúkú tí Eddie kò pe Bill. Bill náà kò gbà fún un, Eddie ló sì sábà máa ń di òmùgọ̀ níkẹyìn. Ní 1977 ni LWT gbé Mind Your Language dé, kíláàsì àwọn àjèjì tó ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń fi ìṣe ẹ̀yà olúkúlùkù ṣe yẹ̀yẹ́. Michael Grade tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ dá a dúró ní 1979, ó ní ẹ̀gàn ẹ̀yà inú rẹ̀ pọ̀ jù. Eré kan náà ni àwọn ará ilé wa ní Nàìjíríà ń fi rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Bóyá nítorí pé kò sí ọmọ Áfíríkà nínú kíláàsì náà ni.

Ó dára, gígé ńkọ́? Ohun tó ń fà á jù nínú fídíò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yà rárá, orin ni. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àwọn eré wọ̀nyí, owó tí wọ́n san fún àwọn tó ni orin jẹ́ owó pé kí orin náà jáde lórí afẹ́fẹ́ nìkan. Ta ló rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó máa ra eré lọ sílé bí ẹni ra búrẹ́dì? Nígbà tí VHS dé ilẹ̀ yìí ní 1978, tí DVD sì tẹ̀lé e ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, àwọn olórin béèrè owó tuntun. Ẹni tí kò bá fẹ́ san án, a fi orin mìíràn dípò, tàbí kí ó gé ibẹ̀ dànù. Ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìpín kan nínú Only Fools and Horses, eré àwọn ará Peckham tí BBC bẹ̀rẹ̀ ní 1981. Ní Amẹ́ríkà, WKRP in Cincinnati, eré ilé-iṣẹ́ rédíò tí orin jẹ́ ẹ̀mí rẹ̀, jáde lórí DVD ní 2007 tí wọ́n ti pààrọ̀ ọ̀pọ̀ orin inú rẹ̀. Ó di 2014 kí ilé-iṣẹ́ mìíràn tó dá púpọ̀ nínú wọn padà. Ìpolówó ọjà náà ń gé eré. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn kéékèèké ní Amẹ́ríkà bá ra eré àtijọ́, wọ́n a yọ ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ìpolówó lè ráyè. Irú ẹ̀dà tó kúrú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kó sínú DVD ọdún kìíní The Cosby Show ní 2005, àwọn tó rà á sì pariwo.

Èyí tó kàn wá gan-an ni gígé nítorí ìtìjú. Ní oṣù kẹwàá 1975, BBC gbé ìpín kan jáde nínú Fawlty Towers, tí wọ́n pè ní The Germans. Ajagunfẹ̀yìntì kan tó ń gbé òtẹ́ẹ̀lì náà, Major Gowen, sọ ìtàn bí òun ṣe mú obìnrin kan lọ wo kíríkẹ́ẹ̀tì. Ó lo orúkọ èébú méjì nínú ìtàn náà, ọ̀kan fún aláwọ̀ dúdú, ọ̀kan fún ará Íńdíà. Nígbà tí BBC tún gbé e jáde ní oṣù kìíní 2013, wọ́n ti gé ibẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2020, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá pa George Floyd ní Amẹ́ríkà, UKTV mú odindi ìpín náà kúrò, kí ó tó dá a padà pẹ̀lú ìkìlọ̀ níwájú. John Cleese, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó kọ eré náà, bínú gidigidi. Ó ní Major ni àwọn ń fi ṣẹ̀sín. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó rẹ́rìn-ín lálẹ́ ọjọ́ náà ló ń rín Major, àwọn àgbà wa tó jáde lọ síbi iṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló mọ irú ẹ̀rín tí wọ́n bá pàdé.

Ẹ kíyè sí i pé ní 2013 yẹn kan náà, ẹni tó ti ra Fawlty Towers sílé lórí DVD ní gbogbo ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. Bákan náà ni Little Britain: wọ́n mú un kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2020, BBC dá a padà ní 2022 lẹ́yìn tí wọ́n ti gé ibi tí wọ́n ti kun ojú ní dúdú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wá gé e nínú àpótí oníkálukú. Orin ló sábà máa ń sọnù nínú fídíò àgbéléwò. Èébú máa ń sọnù lórí afẹ́fẹ́ àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dọ́ tó wo ẹ̀dà orí afẹ́fẹ́ kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Àìmọ̀ yìí gan-an ni ìjà tiwa. A kò sọ pé kí wọ́n máa pariwo èébú sétí ọmọdé nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí fíìmù kan tí wọ́n yà létí adágún Southmere níbí ní Thamesmead, A Clockwork Orange. Ó jáde nílẹ̀ yìí ní 1972, Stanley Kubrick tó ṣe é sì mú un kúrò nílé sinimá kò pẹ́ lẹ́yìn náà. Ó kú ní 1999 kí wọ́n tó dá a padà ní 2000. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé fíìmù náà wà, wọ́n sì mọ ẹni tó mú un kúrò. Gígé ìdajì ìṣẹ́jú láìsọ fún ẹnikẹ́ni burú ju ìyẹn lọ lójú tiwa, nítorí ó sọ ẹni tó gbọ́ ọ di òpùrọ́.

Ẹ wọ bọ́ọ̀sì 177 láti Thamesmead gba Woolwich títí dé Peckham, ẹ ó dé ibi tí wọ́n fi Desmond's sí, eré tí Trix Worrell kọ fún Channel 4 láti 1989 sí 1994. Àwọn ará West Indies ló ni ṣọ́ọ̀bù agẹrun náà, ṣùgbọ́n Matthew wà láàrin wọn, ọmọ Gambia tí kò kàwé tán rí, tí òwe Áfíríkà kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Gyearbuor Asante, ọmọ Ghana, ló ṣe é. Wọ́n ń fi Matthew ṣe yẹ̀yẹ́ bí àwọn ará West Indies ṣe ń fi àwọn àgbà wa ṣe yẹ̀yẹ́ ní tòótọ́, òun náà sì ń gbéra ga sí wọn bí àwa náà ṣe ń ṣe. Bí ojú bá ti ẹnìkan lọ́la tó gé èyí kúrò, àwọn ọmọ wa yóò rò pé ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé ni a ti fẹ́ràn ara wa. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí a ti ń pẹ́ jù lẹ́nu ìwé náà yóò sì pàdánù ẹni tí a fi ń gba ìpẹ̀!

Èyí tí BBC nu kúrò lórí téèpù láti tún téèpù náà lò, bí ọ̀pọ̀ ìpín Till Death Us Do Part, kò sí ẹni tó lè tà á fún wa mọ́. Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ ẹ̀yin tí òbí yín ní kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fúnra wọn gbà sílẹ̀ láti orí tẹlifíṣàn, ti ìpolówó ti gbogbo rẹ̀: ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ kọ ọdún àti orúkọ ilé-iṣẹ́ sí i lára, kí ẹ sì fi wé èyí tí wọ́n ń tà. Bí ìpín tó jẹ́ ìṣẹ́jú 30 nígbà náà bá di 23, ẹ béèrè ohun tó bọ́. Kí ẹ sì tètè ṣe é, nítorí Funai ti Japan, tó kẹ́yìn nínú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń wo VHS, ti ṣíwọ́ láti 2016.