Ta Ni Ọ̀ràn Kàn? Ẹjọ́ Ọláwóyìn Ará Ọ̀fà Níwájú Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ

Ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ kì í parí sórí ẹni tó jàre àti ẹni tó jẹ̀bi, nítorí pé ìdí tí àwọn adájọ́ kọ sílẹ̀ ni àwọn ilé-ẹjọ́ ìsàlẹ̀ yóò máa tẹ̀ lé lẹ́yìn tí àwọn oníjà ti túká. Ẹjọ́ tí J. S. Ọláwóyìn, olóṣèlú ará Ọ̀fà nínú ẹgbẹ́ Action Group, pe ìjọba Agbègbè Àríwá fi èyí hàn gbangba.

Ní àkókò náà, abẹ́ Ẹkùn Ìlọrin ní Àríwá ni Ọ̀fà, Ilemona àti àwọn ìlú tó yí wọn ká wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ni wọ́n. Ní 1958, ìjọba Àríwá ṣe òfin tó ka òṣèlú léèwọ̀ fún àwọn ọmọdé, tó sì fi ìyà sórí ẹni tó bá fà wọ́n wọ inú rẹ̀. Ọláwóyìn ní òun fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ òun ní ìmọ̀ òṣèlú, ó sì bẹ ilé-ẹjọ́ kí ó kéde pé òfin náà tako ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tó wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè.

Nígbà tí ẹjọ́ náà dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Àpapọ̀ ní 1961, Adájọ́ Unsworth ṣàlàyé pé ẹnikẹ́ni kò tíì mú Ọláwóyìn, pé kò sí àmì pé òfin náà fẹ́ mú un, àti pé kò dí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní bí òfin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe bá tó láti sọ ènìyàn di ẹni tí ọ̀ràn kàn, ẹnikẹ́ni tó lè ṣẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ iwájú ni yóò lè pẹjọ́. Báyìí ni wọ́n dá ẹjọ́ náà nù láìsọ bóyá òfin ọ̀hún tọ́ tàbí kò tọ́. Ohun tí Ọláwóyìn kò ní ni àwọn amòfin ń pè ní ẹ̀tọ́ láti pẹjọ́.

Ní 1963, nígbà tí Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò sí lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì mọ́, ìpẹ̀jọ́ sí Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù dópin, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì di òpin ẹjọ́. Lábẹ́ ìwé òfin 1999, adájọ́ márùn-ún ló ń jókòó gbọ́ ẹjọ́, tàbí méje bí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ ìtumọ̀ ìwé òfin náà; olúkúlùkù gbọ́dọ̀ kọ èrò tirẹ̀ sílẹ̀ tàbí kí ó kọ ọ́ pé òun fara mọ́ ti ẹlòmíràn, èrò èyí tó pọ̀ jù ni yóò sì di ìdájọ́.

Ní 1981, nígbà tí Sẹ́nétọ̀ Abraham Adésànyà pe Ààrẹ lẹ́jọ́ lórí yíyan alága àjọ elétò ìdìbò, ẹjọ́ Ọláwóyìn wà lára èyí tí àwọn adájọ́ méje gbé yẹ̀ wò kí wọ́n tó dá ti Adésànyà náà nù. Ní 1987, nínú ẹjọ́ amòfin Gani Fawẹhinmi lórí ikú akọ̀ròyìn Dele Giwa, ilé-ẹjọ́ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀tọ́ láti pẹjọ́ díẹ̀. Ní 2018, ó gbà kí ẹgbẹ́ kan pe àjọ NNPC lẹ́jọ́ lórí epo tó dànù sínú odò àwọn ará Acha ní ìpínlẹ̀ Abia, bí kò tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni epo náà pa lára. Kò sí bí a ṣe lè bá ìdájọ́ tí kò sọ ìdí rẹ̀ jiyàn. Nítorí pé èyí tó lé Ọláwóyìn sẹ́yìn sọ tirẹ̀, àwọn tó tẹ̀ lé e rí ibi tí wọn yóò ti máa tú u.