Omi mímu nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì: ohun tó yẹ kí a mọ̀

Nígbà tí a bá ń gba ààwẹ̀, òùngbẹ ló máa ń mú ọ̀pọ̀ nínú wa ju ebi lọ. Omi ló kó ju ìdajì ara àgbàlagbà lọ. Bí a bá tilẹ̀ jókòó sójú kan, omi ń bá òógùn, ìtọ̀ àti èémí jáde lára wa, oòrùn sì ń mú kí ó yá sí i.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ láàrin wa. Ẹlòmíràn á mu ife omi 4 tàbí 5 lẹ́ẹ̀kan náà nígbà sààrì, kí ó lè gbé e dé ìrọ̀lẹ́. Ara kì í tọ́jú omi pamọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá pọ̀ jù, kíndìnrín á sẹ́ ẹ, a ó sì tọ̀ ọ́ dànù láàrin wákàtí díẹ̀.

Ó sàn kí a pín in: ife 2 nígbà ìṣínu, 1 kí a tó kí ìrun àṣámù, 1 lẹ́yìn rẹ̀, 2 kí a tó sùn, 2 nígbà sààrì. Ife 8 pé nìyẹn. Ọ̀gì, ọsàn àti bàrà náà ní omi nínú. Kí a dín oúnjẹ oníyọ̀ kù nígbà sààrì, torí ó ń fa òùngbẹ.

Ẹ máa wo ìtọ̀ yín. Bí ó bá pọ́n bí omi tíì, omi ara ti ń dín kù nìyẹn. Ẹnu gbígbẹ, orí fífọ́ àti òòyì tún wà lára àmì rẹ̀. Ẹ máa bojú tó àwọn àgbàlagbà inú ilé, nítorí òùngbẹ kì í tètè gbẹ wọ́n bíi ti ọ̀dọ́, bí omi ara wọn tilẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Bí òòyì bá le débi pé ènìyàn kò lè dìde, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere mọ́, kí ó jẹ ààwẹ̀, kí ó mu omi, kí wọ́n sì tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Suratul-Baqarah, ẹsẹ 185, ti gba aláìsàn láàyè láti san án padà ní ọjọ́ mìíràn. Kí aboyún, onítọ̀ ṣúgà àti ẹni tí kíndìnrín tàbí ọkàn ń yọ lẹ́nu rí dókítà kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa ní ìtẹ́wọ́gbà.