Oòrùn Ọ̀sán ní Odi Àró: Ẹ̀kọ́ Ogun Dàhòmì fún Eléré Ẹlẹ́mìí Ẹṣin

Ní oṣù Èbìbí ọdún 2025, àwọn eléré ìdárayá láti ìpínlẹ̀ gbogbo péjọ sí Ìpínlẹ̀ Ògùn fún ìdíje eré ìdárayá orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, pápá ìṣeré MKO Abíọ́lá ní Kútọ̀, Abẹ́òkúta, sì gbàlejò. Ẹni tó bá fẹ́ múra fún eré ẹlẹ́mìí ẹṣin nílẹ̀ yìí, èyí tó jìn tó kìlómítà 42 àti mítà 195, ọ̀tá méjì ni yóò bá pàdé lójú ọ̀nà: àárẹ̀ àti ooru. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ti mọ agbára àwọn méjèèjì tipẹ́. Nígbà kan rí, wọ́n tilẹ̀ gbèjà Ẹ̀gbá.

Gezo, ọba Dàhòmì, ló gbógun ti Abẹ́òkúta ní ọdún 1851. Àwọn tó wà láyé nígbà náà fojú bù ú pé àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tó 16,000, àti pé nǹkan bí 6,000 nínú wọn jẹ́ obìnrin. Àwọn òyìnbó tó dé Abomey ní àwọn ọdún 1840 rí bí àwọn obìnrin wọ̀nyí ṣe ń dánra wò: wọ́n á fi ẹ̀gún mọ odi, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ lásán sáré gùn ún kọjá. Bí a bá ń wá ẹni tó mọ ìrora í fara dà, àwọn ni.

Ṣùgbọ́n láti Abomey dé Abẹ́òkúta ju 150 kìlómítà lọ, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi rìn ín, pẹ̀lú ẹrù àti ohun ìjà, ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí wọ́n dé Ìṣàgá, àwọn ará ìlú náà túúbá fún wọn, wọ́n sì gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ìdájí ni Dàhòmì máa ń kọlu ìlú. Ìṣàgá ní kí wọ́n dúró di ọ̀sán gangan, kí wọ́n sì gba ìhà Àró wọlé. Lábẹ́lẹ̀, wọ́n ti ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta, ìhà Àró sì ni odi ti lágbára. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Ẹrẹ́nà, ní nǹkan bí agogo méjìlá ọ̀sán, ogun dé. Wọ́n jà títí dìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbá kò yẹsẹ̀. Òkú Dàhòmì tó kù sílẹ̀ lé ní 1,000. Ìgboyà àwọn jagunjagun Ẹ̀gbá ló ṣẹ́gun. A kò gbọdọ̀ gba ògo náà fún oòrùn. Síbẹ̀, ẹni tó wà nílé nídìí omi àti oúnjẹ rẹ̀ ló pàdé ẹni tó ti rìn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìṣàgá jìyà ọgbọ́n yẹn: ní 1862, Glele ọmọ Gezo pa ìlú náà run.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún asáré lónìí. Òógùn tó ń gbẹ lára ló ń tu ara lára. Bí afẹ́fẹ́ bá kún fún ọ̀rinrin, òógùn á kàn máa kán sílẹ̀, ooru á sì há sínú ara. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó lọ sí iṣan ẹsẹ̀ á tún máa lọ sí awọ láti tù ú, àárẹ̀ á sì tètè dé. Ní Doha, ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 2019, wọ́n sún eré ẹlẹ́mìí ẹṣin àwọn obìnrin sí ọ̀gànjọ́ òru nítorí ooru. Síbẹ̀, nínú 68 tó gbéra, 28 kò lè parí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ògbóǹtarìgì ni wọ́n.

Nítorí náà, kí eléré wa má ṣe gba ìmọ̀ràn Ìṣàgá. Kó sáré ní ìdájí, kí oòrùn tó mú lórí Olúmọ. Bí inú ooru ni ìdíje rẹ̀ yóò ti wáyé, kó fi bí ọ̀sẹ̀ méjì mú ara mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Kó mu omi bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ ẹ́. Àmujù náà léwu. Kó ka ìsinmi sí apá kan ìdánrawò. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, kó dúró. Kí àwọn tó wà nítòsí gbé e sí ibòòji, kí wọ́n da omi tútù sí i lára, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Àwọn tó ń gun odi ẹ̀gún kọjá kì í ṣe ojo, wọn kò sì ṣàìmúra. Wákàtí ni wọ́n ṣì yàn.