Sáàmù Gẹ́gẹ́ Bí Ewì Júù Nínú Èdè Yorùbá

Láti Bódìjà dé Challenge ni a ti ń ka Sáàmù bí àdúrà. Àwọn tí ó kà á sí ewì Júù kò pọ̀. Ní 1753, Robert Lowth ti Oxford ṣàlàyé pé èrò tí ìlà kejì tún sọ ni òpó ewì Hébérù. Mo gbà pé òun ni ó mú kí ìtumọ̀ Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dùn létí wa: oríkì àti ẹsẹ Ifá ti kọ́ wa ní irú àsọtúnsọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Judah Halevi, akéwì Júù ilẹ̀ Sípéènì tí ó kú ní 1141, yá ìwọ̀n ìlù àti ìró òpin ìlà lọ́wọ́ àwọn Lárúbáwá. Èyí kì í tẹ̀lé ìtumọ̀ dé ilé.